Ike Kì Í Ṣàìsàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán pátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Mi ò kọ ọ́ láti pa yín lẹ́rìn-ín. Inú ló ń bí mi, ẹ óò sì mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀.

1.
Télọ̀ obìnrin kan wà tó ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Wẹ́dà, ajórin-mọ́rin, ni àbúrò yìí. Lọ́jọ́ kan, bátìrì mọ́tò bú gbàmù níwájú rẹ̀, áásìdì fọ́n sí i lójú méjèèjì. Gíláàsì ààbò rẹ̀ ńkọ́? Ó wà lórí ìṣó lára ògiri, ó ń ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́.

Ojú òsì fọ́ pátápátá. Ti ọ̀tún kò fọ́, ṣùgbọ́n awọ iwájú rẹ̀ tó yẹ kó mọ́ gaara di funfun, bíi gíláàsì fèrèsé tí eruku bò. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fà á lọ́wọ́ kiri. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí pálọ̀, kó lè máa gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ bá kọsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi awọ ojú òkú tí wọ́n fi tọrẹ rọ́pò tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì lara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

2.
Dókítà ojú wá sọ pé, "Ọ̀nà kan ló kù. Awọ ojú àtọwọ́dá wà. Ike ni, ó mọ́ bí omi."

Wọ́n ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, wẹ́dà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti hu ewú!"

"Ta ló fà á? Ìwọ náà kọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Dókítà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ojú kan yìí ló kù, kò sí ìkejì. Òògùn kíkán yìí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ ayé. Omi ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kàn án. Bí kòkòrò àìsàn bá gba ẹ̀gbẹ́ ike yẹn wọlé, ó parí nìyẹn. Kí n sì máa rí i lóṣooṣù."

Àwọn méjèèjì ló gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

3.
Wẹ́dà padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ojú Tuntun, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Nílé, òun ló ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi òwú sínú abẹ́rẹ́, torí ojú tiẹ̀ náà ti ń di ti àgbà. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe fẹ́ dùn?

Òògùn ojú yẹn ló wá di ìjà. Ó ń ta á lójú, tó bá sì ṣàn wọ ọ̀nà ọ̀fun, á korò. Akunmọ́tò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bi í bóyá ó ṣì ń lò ó.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́ran ara lẹ̀ ń lo òògùn," ló wí. "Ike ni tèmi. Ta ló ti rí ike tó ń ṣàìsàn rí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gba gbẹ̀rẹ́. "Gbójú sókè!" Á di àgbọ̀n rẹ̀ mú, á kán an sí i. Ó yá, àbúrò ò ráhùn mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń gbójú sókè. Obìnrin yìí dúpẹ́, ó ní àbúrò òun ti gbọ́n.

4.
Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ojú yẹn pọ́n. Àbúrò ní eruku ni. Ó ní òun ti lọ rí dókítà. Irọ́ ni, kò débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ yìí ò níhò."

"Abẹ́rẹ́ àná ni."

Obìnrin náà wọ́ ọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Dókítà yẹ ojú náà wò, ó mí kanlẹ̀. "Ta ló ń kán òògùn fún un?"

"Èmi ni, Dókítà. Mi ò fo ọjọ́ kan." Ó fa ìgò yọ nínú báàgì rẹ̀.

Dókítà kán an sẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Òògùn yẹn máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èyí mọ́ gaara; ojú àgbà ni ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ti rí i.

"Mà, omi lẹ̀ ń kán sí i."

Àbúrò dorí kodò. "Ó korò ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò sì ní jẹ́ kí n sinmi. Mo da òògùn nù, mo bu omi ẹ̀rọ sí i. Mo ní ike ṣáà ni, ike kì í ṣàìsàn."

"Ike kì í ṣàìsàn lóòótọ́," ni Dókítà wí. "Ẹran ara tó yí i ká ló ń ṣàìsàn."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bíi pé ti ẹlòmíì ni. "Ọwọ́ mi yìí! Ọwọ́ tí mo fi fà ọ́ fún ọdún mẹ́fà! Òun lo rí lò láti fi fọ́ ara rẹ lójú?"

5.
Wọ́n yọ ojú náà.

Bí wọ́n ṣe ń jáde ní ọsibítù, ó na ọwọ́, ó ń wá èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," ló dá a lóhùn. Ó gbé èjìká sún mọ́ ọn. "Máa mú un. N óò fà ọ́ títí a ó fi délé. Ṣùgbọ́n má ní kí n má bínú."

Títí di òní, ẹ̀gbọ́n máa ń jókòó sí pálọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, òwú lọ́wọ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́.

Ìwọ tó ń kà á, tí dókítà fún lóògùn, tí ò ń dà á nù, tí ò ń sọ pé "mo ti lò ó", ìwọ ni mò ń bá wí! Dókítà kọ́ lò ń tàn. Ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ lò ń fi pa ara rẹ lára. Bó bá korò, lò ó. Bó bá sú ọ, wí fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ. Má fi omi dípò rẹ̀. Ojú tí wọ́n fún ọ lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò ṣèlérí ẹ̀kẹta.

À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀.