Ọ̀dọ̀ Móradéùn Ni Gbogbo Wọn Ń Yà

Àrìnpé ń ta bàtà lórí ayélujára, bẹ́ẹ̀ náà ni Móradéùn, aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlá Móradéùn ni ẹ̀rọ tó ń fò wá kó ẹrù lọ fún oníbàárà máa ń bà sí ṣáá, ìlara sì ń jẹ Àrìnpé lọ́kàn.

Láàárọ̀ yìí, oníbàárà kan ra bàtà rẹpẹtẹ lọ́wọ́ rẹ̀, alẹ́ẹ̀tì owó sì wọlé. Bó ṣe ń di ẹrù, òrùka tó wà níka rẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà àdúgbò fi ń kìlọ̀ olè fún ara wọn, tutù bíi yìnyín, ohùn Móradéùn sì jáde nínú rẹ̀:

"Má gbé ọjà fún ẹni tó bá ra bàtà rẹpẹtẹ láàárọ̀ yìí o. Ayédèrú ni alẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ti dán an wò lọ́dọ̀ mi."

Àrìnpé dúpẹ́, ó kó bàtà rẹ̀ padà. Ohun tó dùn ún jù ni pé olè pàápàá, ọ̀dọ̀ Móradéùn ló kọ́kọ́ yà sí.