Omi Òjò Àkọ́rọ̀

Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe dá, Fadérera tó ń kọ́lé lórí òkè mú ife, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń dúró dè é. Ẹ̀rọ tó ń fò lórí odò bí eṣinṣin ti sọ pé omi mọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti ẹ̀rọ? Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ lókè ni òfin ní kó kọ́kọ́ mu omi náà. Bí omi bá rú, onítọ̀hún yóò kó yẹ̀pẹ̀ padà sínú ìpìlẹ̀ tó gbẹ́, yóò sì fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Kí Fadérera tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, koríko ló kọ́kọ́ gbìn yí ibẹ̀ ká, ó sì to àpò èèpo àgbọn dí ojú àgbàrá. Àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní aláṣejù ni.

Ó bu omi. Ó rí ìdí ife kedere. Ó mu ún tán, ó bu òmíràn, ó kúnlẹ̀ gbé e fún Bàbá Olúgbódi, àgbà ìsàlẹ̀ odò tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni rí pé omi mọ́.

Bàbá tọ́ ọ wò. Ó gbé omi náà mì kanlẹ̀, ó sì na ife padà sí i.

"Bù sí i, ọmọ mi. Òǹgbẹ ń gbẹ mí."