Àwọn Tó Dáhùn Àlọ́ Mi

Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa ti tú, èmi nìkan ló kù. Bí mi ò bá kọ ìtàn kankan wá lọ́la, wọ́n á dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ìwé òfìfo wá. Bàbá Látúndé, tí a jọ wà ní kíláàsì, tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Mọ́ńsúrá, ṣé ewúrẹ́ ló jẹ ìtàn tìrẹ ni?"

Kí tíṣà wa tó lọ, ó ní, "Mà, ẹ fi èyí tí ẹ mọ̀ láti kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á sókè. Etí yín á sọ ohun tó kàn fún yín."

Ilẹ̀ ń ṣú. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì. Mo wẹ̀yìn, bẹ́ǹṣì lásán ni mo rí. Mo wá kà á sókè.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti dáhùn. Wọn kì í ṣe ẹnì kan, wọ́n pọ̀.

Mo fẹ́ dìde. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ́ wa nílé pé ẹni tó bá pàlọ́, tí wọ́n sì dá a lóhùn, kò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ láìpa á tán. Ṣùgbọ́n ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.

Bẹ́ǹṣì dún lẹ́yìn. Èyí tó sún mọ́ mi náà dún. Ẹnìkan mí sí mi lọ́rùn, ó rọra bi mí:

"Ta ni àlọ́ yín dá lé lórí, Mà?"