Ẹ̀rí Ẹsẹ̀ Ìyá Akínrọ̀dọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù, èyí tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í sì í ṣí láìgbọ́ ẹ̀rí ìtọ́jú, ti kọ̀ fún Adúnọlá. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náà yóò tún ọdún yìí kà. Sísítà Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ tó ń dán an wò jókòó síbi fèrèsé, ó mú ìwé máàkì dání.

Nígbà àkọ́kọ́, Adúnọlá ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa di egbò nìyẹn."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí," ni kọ́bọ́ọ̀dù dáhùn, ó ti báńdéèjì àti oyin egbò mọ́nú gbagidi.

Lẹ́ẹ̀kejì, Adúnọlá ka ìwádìí mẹ́ta láìwo ìwé, títí kan iye egbò tí oyin mú jiná.

"Ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n kò pé," ni kọ́bọ́ọ̀dù wí.

Ni Ìyá Akínrọ̀dọ́, ẹni tó ni egbò, bá bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ ọmọ yìí, láti àárọ̀ ni ìwọ àti kọ́bọ́ọ̀dù ti ń bára yín sọ̀rọ̀. Ta ló lẹsẹ̀?"

Adúnọlá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é?"

"Fi omi rin báńdéèjì àná kó o tó ṣí i, ó máa ń dùn mí. Má sì di ìka mi mọ́ ọn, kí bàtà mi lè wọ̀ mí lọ́jọ́ Ìsinmi."

Adúnọlá sọ ọ́ fún kọ́bọ́ọ̀dù bó ṣe gbọ́ ọ. "Ẹ̀rí pé wàyí; ohun tí ẹni tó ni egbò fẹ́ ló kù tẹ́lẹ̀," ni kọ́bọ́ọ̀dù wí, kíá ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Sísítà rẹ́rìn-ín, ó máàkì ìwé rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá wí, ó na ẹsẹ̀. "Mo rò pé kọ́bọ́ọ̀dù yìí yóò béèrè orúkọ bàbá mi náà ni."