Bátìrì Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Méjọ̀

"Ọ̀gá ń pè ẹ́!"

Sójà méjì ló dúró lórí Dàwódù, oníbátìrì Dopemu.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé bátìrì mẹ́rin tó ń gbé iná àti fáànù inú ọkọ̀ ojú omi Méjọ̀ wá. Gbogbo ẹ̀ ti kú. Ó fi tuntun rọ́pò.

Látìgbà náà ló ti ń gbàdúrà kí àwọn bátìrì náà má kú láàárín ọ̀sà.

Nílé Méjọ̀ n'Íkẹjà, ìyàwó ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Fáànù fẹ́ títí di àárọ̀."

"Ṣé ojú omi dáa, mà?"

"Omi kẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé lọkọ̀ wà, kò tíì kan omi rí. Àtìgbà tí wọ́n ti mú iná lọ, inú ẹ̀ la ń sùn. Ẹ bá wa fi bátìrì méjì kún un, àwọn àna wa ń bọ̀."