Gìtá Tí Sámúẹ́lì Ò Gbé Sókè

Inú ń bí Wúràọlá.

Láti ìgbà èwe ló ti ń ta gìtá rọ́ọ̀kì láwọn ilé ọtí ní Barking, nílùú Lọ́ńdọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lé e. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀jù.

Ìlara lásán!

Lónìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, Sámúẹ́lì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn náà ò tún jẹ́ kí gìtá dún.

"Gbé e sókè jàre!"

Sámúẹ́lì sáré wá fẹnu sí i létí.

"Sister Wúrà, ó ti full o!"

"Irọ́!"

Wúràọlá fìbínú ta gìtá náà.

Búùtù tó máa ń wọ̀ nílé ọtí wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ìjọ ń bọ́ bàtà sí.

Pákó ilẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó wo ìjọ. Gbogbo wọn fọwọ́ di etí, bẹ́ẹ̀ etí tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ gìtá náà.

Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn.

Ilẹ̀ ò gbọ̀n mọ́.