Òkú Èéfín

"Kò sí àgbà kan láti Ajah dé èbúté Lẹ́kí tí ahọ́n mi ò lè yí lérò padà!" Bẹ́ẹ̀ ni agbẹnusọ àwọn iléeṣẹ́ ńlá fọ́nnu fún awakọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹbí Odùkọ̀yà, àwọn onílẹ̀ tó wá bẹ̀, ti pé sí àgbàlá. Bí wọ́n bá kọ̀ lónìí, àbádòfin sísin èéfín tó ń ṣagbátẹrù rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin yóò forí ṣánpọ́n, iṣẹ́ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, èéfín iléeṣẹ́ ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. A fẹ́ mú un, ká sin ín sábẹ́ ilẹ̀ yín títí láé."

Olórí ẹbí na ọ̀pá sí i. "Sin kẹ̀? Ẹni tó bá sin òkú síbì kan, àwọn ọmọ rẹ̀ á láwọn ló nilẹ̀. O fẹ́ gba ilẹ̀ wa!"

Àwọn ọ̀dọ́ ti dí ẹnu géètì. Agbẹnusọ gbọ́wọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ má bínú, bàbá! A kàn fẹ́ fi í pamọ́ ni."

"Ohun téèyàn bá fi pamọ́, ó ń padà wá mú un. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú un?"

"A ò ní padà wá, sà."

"Òkú nìyẹn! Bí kì í bá ṣe ọgbọ́n àtigbalẹ̀, sunkún ẹ̀ ká rí i."

Ni agbẹnusọ bá wólẹ̀ sínú iyanrìn tòun ti kóòtù ọrùn rẹ̀. "Yéè! Èéfín ti lọ o! Èéfín, ó dàárọ̀ o!" Ó sunkún débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Bàbá náà nu ojú. "Ó tó. A gbà. Ẹ sin ín."

Agbẹnusọ fò dìde, ó dì mọ́ bàbá, ariwo ayọ̀ sọ.

Nùsírátù, ọmọ olórí ẹbí, ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó yí ẹja rẹ̀ padà.

"Bàbá, ẹ ti ta ilẹ̀ yẹn lọ́dún tó kọjá."